Sìmẹ́ńtì Alápòpọ̀ Kì í Ṣe Àbùlà

Ìbéèrè: "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí a da ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé mi. CEM II/B-V 32.5 N ni wọ́n kọ sára àpò sìmẹ́ńtì tí a lò. Bíríkìlà kan tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ní eérú ni wọ́n pò mọ́ ọn, pé àbùlà gbáà ni. Ní ọjọ́ kẹta, mo fi ìṣó fa ìlà sí i, lẹ́búlẹ́bú sì ń yọ lóòótọ́. Mo ti ní kí wọ́n má da omi sí i mọ́ kó lè tètè gbẹ. Kí ni wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì gan-an, báwo ló ṣe ń le, ṣé ilẹ̀ mi yìí á sì dúró?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ bu omi sí ilẹ̀ yẹn kí ẹ tó padà wá ka ìyókù. "Kó lè tètè gbẹ" tí ẹ kọ yẹn bà mí lẹ́rù ju eérú inú àpò lọ.

Gbígbẹ kọ́ ló ń mú sìmẹ́ńtì le. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ po sìmẹ́ńtì díẹ̀ pẹ̀lú omi kó ki dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú ife títí dé ìdajì, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè dì, kí ẹ wá da omi kún ife náà. Ẹ má tún fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí ẹ bá da omi yẹn nù, òkúta lẹ máa bá nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò rí i, atẹ́gùn ò fẹ́ sí i. Omi tí ẹ rò pé ó ń fà á sẹ́yìn gan-an ló ń mu, tó sì ń sọ di ara rẹ̀. Gbogbo 100 gíráàmù sìmẹ́ńtì tó bá ṣiṣẹ́ tán ló ń so omi tó tó 23 gíráàmù mọ́ra títí láé. Omi yẹn kò ní jáde mọ́, àfi tí ẹ bá ju kọnkéré náà sínú iná.

Sìmẹ́ńtì tí kò ní àdàlù ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ló ń pe èyí tó kù síṣẹ́. Òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀, tí wọ́n ń sun nínú iná ìléru tó gbóná tó 1450 digiri Sẹ́ńtígréèdì. Ohun tó ń jáde dà bí òkúta wẹ́wẹ́ roboto, àwọ̀ rẹ̀ dúdú ràkọ̀ràkọ̀, kílíńkà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú jípsọ̀ọ̀mù díẹ̀, òkúta rírọ̀ kan, ó parí. Ọ̀gbẹ́ni Joseph Aspdin ti ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì tó sọ ní "Portland" lọ́dún 1824, torí pé nígbà tó bá le tán, ó jọ òkúta ìkọ́lé kan tí wọ́n ń wà ní erékùṣù Portland lójú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tirẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jọ tòde òní, orúkọ ló ṣẹ́kù.

Èròjà mẹ́rin ló jẹ́ òpó nínú kílíńkà. Èyí tó pọ̀ jù, tó sábà máa ń lé ní ìdajì, ni alite. Òun ló yára, òun ló ń fún wa ní agbára ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Belite jọ ọ́, àmọ́ ó lọ́ra, ó lè gba oṣù mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ tirẹ̀ dé ibi tó lápẹẹrẹ. Ẹ̀kẹta, tí alumíníọ̀mù wà nínú rẹ̀, ń kánjú ju bó ṣe yẹ lọ: bí wọn ò bá fi jípsọ̀ọ̀mù dá a dúró, àpòpọ̀ yín á gan mọ́ ṣọ́bìrì kí ẹ tó gbé e dé ibi tí ẹ fẹ́ dà á sí. Ẹ̀kẹrin ló ní irin nínú, mi ò ní fi dá yín dúró.

Bí omi bá ti kan ìyẹ̀fun yìí, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi náà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi inú àpòpọ̀ á ti di omi tó ń jẹni lára. Òun ló ń bó ọwọ́ àwọn tí kì í wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo á dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́rin. Àkókò ìdákẹ́jẹ́ yìí la fi ń gbé e, tí a fi ń dà á, tí a fi ń tẹ́ ẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ gidi á wá bẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé kọnkéré tó nípọn ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dà á, ẹ máa rí i pé ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló ń dì. Dídì yàtọ̀ sí líle o: ohun tó ti dì kò ṣeé rò mọ́, àmọ́ èékánná ṣì lè ha á. Ọjọ́ kan péré ni dídì, líle lè gba ọdún.

Nǹkan méjì ni alite àti belite ń bí nígbà tí wọ́n bá pàdé omi. Àkọ́kọ́ ni àtè. Àtè ni mo máa ń pè é, torí iṣẹ́ àtè ló ń ṣe. Àwọn oníkẹ́míkà ń kọ ọ́ ní C-S-H. Fọ́nrán àti pẹlẹbẹ tó kéré jọjọ ni, ó ń hù jáde lára hóró sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan títí ti hóró yìí á fi kan ti ẹnì kejì rẹ̀, tí wọ́n á sì wọnú ara wọn. Òun ló gbá yanrìn àti òkúta mú. Èkejì ni láìmù (ohun tí òkúta ẹfun ń dà nínú iná) tó ti mu omi. Láìmù yìí á tó ìdá márùn-ún tàbí ìdá mẹ́rin gbogbo sìmẹ́ńtì tó ti le, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ di nǹkan kan mú. Ó tóbi, ó rọ̀, omi sì lè fọ̀ ọ́ jáde. Nǹkan funfun tó máa ń hù sára ògiri tí omi ń gbà kọjá, òun ni lọ́pọ̀ ìgbà. Anfààní tó ní ni pé ó ń jẹ́ kí inú kọnkéré máa jẹni bíi tọjọ́ àkọ́kọ́, irin inú rẹ̀ kò sì ní dógùn-ún níwọ̀n ìgbà tó bá rí bẹ́ẹ̀.

Láìmù tó jókòó sílẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe yìí gan-an ni àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì wá fún níṣẹ́.

Ìmọ̀ náà ti pẹ́ kí kílíńkà tó dé. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń po láìmù mọ́ eérú òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n ń wà nítòsí ìlú Pozzuoli, lẹ́bàá Naples ní Ítálì. Ara orúkọ ìlú yẹn la ti rí orúkọ "pozzolana" tí a ń pe irú eérú bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àjà roboto ilé Pantheon ní Róòmù, tí ìbú rẹ̀ tó mítà 43, irú àpòpọ̀ yìí ló gbé e dúró. Kò sí irin kankan nínú rẹ̀, ó sì ti lé ní 1,800 ọdún lókè. Bí àbùlà ni, àbùlà tó dára ni.

Kí ló wà nínú eérú yìí? Sílíkà ni, ohun kan náà tó wà nínú yanrìn. Ẹ lè wá bi mí pé kí ló dé tí yanrìn kì í bá láìmù ṣe nǹkan kan. Ètò inú wọn ló yàtọ̀. Sílíkà inú yanrìn tò bí ọmọ ogun, ọwọ́ gbogbo wọn so kọ́ra, kò sí àyè tí ẹnikẹ́ni lè gbà wọlé. Ti eérú ti yọ́ nínú iná, ó sì tutù lójijì kó tó ráyè tò, bí gíláàsì ṣe máa ń rí. Omi ajẹnilára tí kílíńkà dá sílẹ̀ lè já irú ètò játijàti bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ sílíkà jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sílíkà yẹn á bá láìmù àti omi pàdé, wọ́n á sì di àtè mìíràn. Ìyẹn ni pé ohun tí kò wúlò ti di ohun tó ń di nǹkan mú, ó sì ń hù sí àwọn ihò tí omi ì bá máa gbà wọlé.

Ẹ rí i nísinsìnyí ìdí tí ilẹ̀ yín fi ń rọ́jú. Iṣẹ́ kejì kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí ti àkọ́kọ́ bá ti lọ jìnnà: kílíńkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ omi di ajẹnilára, kó sì pèsè láìmù. "V" tó wà lára àpò yín dúró fún eérú èédú, èyí tí wọ́n ń gbá jọ látinú èéfín àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi èédú dá iná mànàmáná. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré wò ó, bọ́ọ̀lù kéékèèké roboto lẹ máa rí, wọ́n ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí a bá fọ́ kọnkéré ọlọ́sẹ̀ kan tí a sì wo inú rẹ̀ lọ́nà kan náà, púpọ̀ nínú bọ́ọ̀lù wọ̀nyí ṣì máa ń dán, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ara wọn á ti jẹ, àtè á ti bò wọ́n. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gungi, ó kàn jẹ́ pé ìgbín yìí gbọ́dọ̀ rí omi lójú ọ̀nà.

Ẹ má rò pé wọ́n kàn jókòó lásán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ o. Hóró tó kúnná, ì báà má tíì bá ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan, ń fún àtè kílíńkà ní ibi tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀ kó sì hù. Bọ́ọ̀lù roboto wọ̀nyí tún ń yí mọ́ ara wọn, àpòpọ̀ á máa ṣàn dáadáa láìjẹ́ pé ẹ fi omi kún un. Bíríkìlà tó bá mọ èyí á dín omi kù. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á da iye omi tó ń dà tẹ́lẹ̀ sí i, omi àṣẹ́kù yẹn á fi ihò sílẹ̀ nígbà tó bá jáde, wọ́n á sì ní eérú ló fà á.

Àwọn àdàlù yòókù ò rí bákan náà. Ìdàrọ́ irin ni èyí tí mo mọ̀ jù, torí òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdọ̀tí tó ń léfòó lórí irin yíyọ́ ni. Bí wọ́n bá jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, òkúta lásán ló máa dà. Bí wọ́n bá fi omi líle rọ́ lù ú lójijì, ó máa fọ́ wẹ́wẹ́ bíi yanrìn, inú rẹ̀ á sì rí bíi gíláàsì. Lọ́dún 1862 ni Emil Langen kíyè sí i ní Jámánì pé irú èyí lè le bíi sìmẹ́ńtì. Ìdàrọ́ yàtọ̀ sí eérú torí ó ní láìmù tirẹ̀ nínú. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ, ẹni tó máa jí i lójú oorun ló ń wá, omi ajẹnilára sì ń ṣe ìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè fi í sí CEM III, ìyẹn sìmẹ́ńtì onídàrọ́, títí dé ìdá 95 nínú 100, tí kílíńkà díẹ̀ tó kù á kàn jẹ́ ajínilójú oorun.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọ́ kọnkéré onídàrọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ ìfọ́-kọnkéré, inú rẹ̀ tó pín sí méjì ní àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ sí búlúù. Mo bínú sí ọmọṣẹ́ tó pò ó, mo ní ó da ọ̀dà sí i. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé e sórí fèrèsé. Nígbà tó fi máa tó ọjọ́ mélòó kan, ó ti di eléérú bíi tàwọn yòókù. Imí ọjọ́ inú ìdàrọ́ ló ń fa àwọ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ sì ń pa á rẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà.

Amọ̀ tí wọ́n sun ni mo fẹ́ràn jù lóde òní. Bí ẹ bá sun amọ̀ tí kaolin, irú amọ̀ funfun kan, pọ̀ nínú rẹ̀ ní nǹkan bíi 700 sí 850 digiri, omi inú rẹ̀ á jáde, ètò rẹ̀ á dàrú, á sì di ohun tí ebi láìmù ń pa gidi. Òun kì í dúró dìgbà tí oṣù bá kọjá. Láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ máa rí iṣẹ́ rẹ̀. Àpòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní LC3, tí Karen Scrivener ti ilé ẹ̀kọ́ gíga EPFL ní Switzerland jẹ́ aṣáájú nínú rẹ̀, ń lo kílíńkà ìdá 50, amọ̀ sísun 30, òkúta ẹfun lílọ̀ 15 àti jípsọ̀ọ̀mù 5. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé alumíníọ̀mù inú amọ̀ ń bá òkúta ẹfun náà ṣe pọ̀, wọ́n ń di kírísítálì tuntun tó ń dí ihò. Àléébù rẹ̀ ni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Á máa ki jù bí ẹ ò bá lo oògùn tó ń mú àpòpọ̀ ṣàn.

Òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ lásán, tí wọ́n ń kọ L tàbí LL fún lára àpò, kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń bá kílíńkà ṣe nǹkan. Ó ń ran ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ torí ó kúnná, àmọ́ kì í jẹ láìmù. Ẹni tó bá ń retí kí irú sìmẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ máa lágbára sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bíi ti eérú tàbí ìdàrọ́, ìrètí rẹ̀ á pẹ́.

Ó yá, ká padà sórí ilẹ̀ yín. "CEM II" ń sọ pé sìmẹ́ńtì alápòpọ̀ ni. "B" ń sọ pé wọ́n fi eérú rọ́pò ìdá 21 sí 35 nínú 100. "32.5" ń sọ agbára rẹ̀ ní ọjọ́ 28. "N" ni èyí tó kàn yín jù: ìlànà Yúróòpù EN 197-1 kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ 32.5 N ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ keje ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tó 16 ní ìwọ̀n Newton fún mílímítà alẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ó máa wá tó 32.5 ní ọjọ́ 28. Ìṣó tí ẹ fà sí i lọ́jọ́ kẹta dà bí ìgbà tí ẹ ń bi ọmọ ọwọ́ léèrè pé kí ló dé tí kò tíì rìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wọn 32.5 yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Sìmẹ́ńtì 450 gíráàmù, yanrìn 1350, omi 225. Wọ́n á pò ó, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpótí irin, yóò sùn di ọjọ́ kejì nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù fún omi, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì kó o sínú omi tó wà ní 20 digiri. Inú omi yẹn ló máa wà títí di ọjọ́ tí wọ́n máa fọ́ ọ. Ìlérí tó wà lára àpò, ìlérí ohun tó wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ẹni tó bá ní kí ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ kẹta ti kúrò nínú àdéhùn.

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò dára. Tí ọ̀rinrin inú ihò sìmẹ́ńtì bá lọ sílẹ̀ kọjá nǹkan bí ìdá 80 nínú 100, iṣẹ́ kílíńkà pàápàá á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ti eérú tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá ńkọ́? Ojú ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbẹ, mílímítà mélòó kan péré, àmọ́ ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù eérú á kù sí láìṣiṣẹ́, á sì máa gbá lọ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ní ti kọnkéré tó ní irin nínú, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀, torí eérú ti jẹ nínú láìmù tó ń dáàbò bo irin náà, afẹ́fẹ́ sì ń gba ihò tí kò dí wọlé. Oògùn kan wà tí a ń pè ní phenolphthalein, a máa ń fọ́n ọn sí ara kọnkéré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Ibi tó bá ṣì dáa á pọ́n bí òdòdó lójú ẹsẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ba jẹ́ á wà láìní àwọ̀. Mo ti fọ́n ọn sí kọnkéré alápòpọ̀ méjì tí wọ́n pò lọ́jọ́ kan náà, a fi ọ̀rá bo ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, a gbàgbé èkejì sínú oòrùn. Ti inú ọ̀rá pọ́n títí dé etí. Ti inú oòrùn ní ètè funfun yí ká.

Nítorí náà, ó kéré tán, kí ẹ fún ilẹ̀ yẹn lómi di ọjọ́ kẹrìnlá. Ọ̀sẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wà fún sìmẹ́ńtì tí kò ní àdàlù. Ẹ tẹ́ àpò tàbí aṣọ tó ti rin sí i, kí ẹ wá fi ọ̀rá bò ó, kó má baà jẹ́ pé ẹ ń wọ́n omi láàárọ̀ tó sì ti gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Rírin-gbígbẹ rírin-gbígbẹ yẹn máa ń fa sísán. Tí ojú ọjọ́ bá tutù, tó súnmọ́ 10 digiri, ẹ fi ọjọ́ mìíràn kún un, torí òtútù ń dá iṣẹ́ eérú dúró ju ti kílíńkà lọ. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ fi gbẹ ẹ́ kò gbé gbogbo nǹkan lọ. Bí omi bá padà dé, hóró tí kò tíì ṣiṣẹ́ á tún jí, bí kò tilẹ̀ ní dé ibi tí ì bá dé.

Ní ti bíríkìlà tó ní àbùlà ni, mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àbùlà wà lóòótọ́: kí ẹnì kan ṣí àpò, kó bu nǹkan sí i, kó sì rán an padà. Èyí tí ilé iṣẹ́ lọ̀ pọ̀, tí wọ́n dán wò, tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára àpò yàtọ̀ sí ìyẹn. Owó nìkan kọ́ ló mú kí wọ́n máa ṣe é. Tọ́ọ̀nù kílíńkà kan ń tú nǹkan bíi 800 kílò afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sójú ọ̀run, èyí tó ju ìdajì lọ sì ń jáde látinú òkúta ẹfun fúnra rẹ̀, kì í ṣe látinú iná. Ìpìlẹ̀ tó nípọn kì í gbóná débi tó máa sán bí wọ́n bá fi ìdàrọ́ tàbí eérú sí i. Iyọ̀ òkun náà kì í rí ọ̀nà wọ̀ ọ́ bó ṣe ń wọ èyí tí kò ní àdàlù. Àmọ́ ẹ má ṣe torí èyí bu eérú ìdáná yín sí sìmẹ́ńtì fúnra yín o. Kò sẹ́ni tó mọ iye èédú tí kò jóná tó wà nínú rẹ̀, kò sì dájú pé sílíkà inú rẹ̀ ní ètò játijàti tí mo sọ.

Lọ́jọ́ 28, ẹ mú ìṣó yẹn, ẹ fà á sí ojúkan náà pẹ̀lú agbára kan náà. Bí lẹ́búlẹ́bú bá ṣì ń yọ, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sì bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó pò ó pé korobá omi mélòó ló dà sí àpò kan. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.